Èèyàn Mélòó Ló Lè Fi Ẹ̀rọ Géèmù Kan Ṣeré Pọ̀ Nínú Ilé?

Àwọn òbí tó fẹ́ ra ẹ̀rọ géèmù fún àwọn ọmọ wọn sábà máa ń bi mí ní ìbéèrè kan, pàápàá nígbà tí ọdún Kérésì bá ń sún mọ́lé, tí wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò yóò kóra jọ: èèyàn mélòó ló lè lò ó lẹ́ẹ̀kan náà? Iye tí wọ́n tẹ̀ sára páálí ẹ̀rọ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó ìdáhùn. Ohun mẹ́ta ló ń pinnu rẹ̀: iye pádì (ohun tí a ń dì mú lọ́wọ́ ṣeré) tí ẹ̀rọ náà lè gbà, iye ẹni tí géèmù fúnra rẹ̀ fàyè gbà, àti bí ojú tẹlifíṣọ̀n ṣe ṣeé pín tó. Èyí tó bá kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìdáhùn, géèmù ló sì sábà máa ń kéré jù.

Ẹ wo PlayStation 2 (PS2), tí Sony gbé jáde ní ọdún 2000, tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù géèmù àdúgbò, níbi tí a ti ń sanwó fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tó bá fìdí rẹmi yóò sì dìde fún ẹlòmíràn. Ihò pádì méjì péré ló wà níwájú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbà títí dòní pé ẹ̀rọ ẹni méjì ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Sony ń ta ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní multitap, tí a máa ń kì bọ ihò kan, tí ihò mẹ́rin mìíràn sì wà lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹyọ kan lè kó èèyàn márùn-ún jọ, nítorí ihò kejì ṣì ṣófo. Ẹni tó bá ní méjì lè kó èèyàn mẹ́jọ. Géèmù bọ́ọ̀lù Pro Evolution Soccer, tí à ń gbá nígbà náà bí ẹni pé kò sí géèmù mìíràn láyé, gba ẹni mẹ́jọ láìjanpata. Síbẹ̀, n kò rí ṣọ́ọ̀bù kankan tó lo multitap, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin: orí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ni ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ti ń gba owó, kì í ṣe orí iye ọwọ́ tó di pádì mú, pádì sì tètè ń bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lónìí ní ọjà ohun àlòkù ní láti kíyè sí i pé PS2 pẹlẹbẹ tó dé ní ọdún 2004 kò lè lo multitap tí wọ́n ṣe fún PS2 tó sanra tó ṣáájú rẹ̀.

Kì í ṣe Sony ló kọ́kọ́ ronú nípa bí ẹni púpọ̀ ṣe lè jọ ṣeré. Ihò méjì ló wà lára ẹ̀rọ Atari 2600 ní ọdún 1977, ṣùgbọ́n irú pádì kan wà tó jẹ́ pé méjì-méjì ni wọ́n so pọ̀ mọ́ okùn kan, tí ẹni mẹ́rin fi lè jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kan. Nintendo 64, tó jáde ní ọdún 1996, kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ rárá: ihò mẹ́rin ni wọ́n dá sí ara rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Lọ́dún yẹn kan náà, géèmù Bomberman tó wà fún Sega Saturn gba ẹni mẹ́wàá, bí wọ́n bá ti lè rí ohun tí wọn yóò fi so gbogbo pádì náà mọ́ ẹ̀rọ. Ẹni mẹ́wàá lórí tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà náà! Mo rò pé ẹni tó jókòó sí ìpẹ̀kun àga yóò kàn máa méfò ibi tó wà ni.

Nígbà tí pádì aláìlókùn dé, ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí ihò, ó di ti afẹ́fẹ́. PlayStation 3, tó jáde ní ọdún 2006, gba pádì méje. Bluetooth ni àwọn pádì náà fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ìlànà Bluetooth sì fàyè gba ẹ̀rọ kan láti darí méje mìíràn lẹ́ẹ̀kan náà, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó dùn mọ́ mi jù lára rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe yanjú ọ̀rọ̀ iná ara pádì. Iná mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, tí wọ́n kọ ọ̀kan sí mẹ́rin sí, nítorí náà, bí ẹnì karùn-ún bá dé, iná kẹrin àti ìkíní ni yóò tàn pọ̀. Ti ẹnì kẹfà jẹ́ ìkẹrin àti ìkejì. Ti ẹnì keje jẹ́ ìkẹrin àti ìkẹta. Ìṣirò ni wọ́n fi bo àìtó iná mọ́lẹ̀. Géèmù bọ́ọ̀lù FIFA ti PS3 náà sì gba ẹni méje lóòótọ́, tó fi jẹ́ pé bí ẹni mẹ́rin bá wà lápá kan, mẹ́ta yóò wà lápá kejì, ìjà kò sì ní ṣàì ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tó máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu: iye náà kò pọ̀ sí i, ṣe ló dínkù. PlayStation 4 ti ọdún 2013 gba pádì mẹ́rin péré, PlayStation 5 náà sì dúró síbẹ̀. Àwọ̀ mẹ́rin ni iná ara pádì PS4 fi ń ya àwọn tó ń ṣeré sọ́tọ̀: búlúù, pupa, àwọ̀ ewé àti píǹkì. Kò sí multitap, kò sì sí okùn tí èèyàn lè kì bọ ibì kankan láti mú un di márùn-ún. Xbox One, ẹ̀rọ ti Microsoft, àti àwọn Xbox tó tẹ̀lé e ń gba mẹ́jọ. Nintendo Switch ti ọdún 2017 náà ń gba mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbẹ̀: ẹyọ pádì kékeré kọ̀ọ̀kan tó ń yọ lára rẹ̀ ni wọ́n ń kà sí ọ̀kan. Bí olúkúlùkù bá fẹ́ di ti ọwọ́ ọ̀tún àti ti ọwọ́ òsì mú pọ̀, ẹni mẹ́rin ti kún un.

Ibi tí géèmù ti ń jáni kulẹ̀ nìyí. Ẹ lè ra PS4 pẹ̀lú pádì mẹ́rin, kí ẹ sì fi géèmù GTA V sí i. Ẹnì kan péré ni yóò máa ṣeré, àwọn tó kù á di òǹwòran bí àwọn tó yí ọpọ́n ayò ká. Ẹni méjì ni géèmù ìjà Mortal Kombat gbà láti jà lẹ́ẹ̀kan náà. Géèmù ọkọ̀ sísá Mario Kart 8 Deluxe lórí Switch, ẹ̀rọ tó ń gba pádì mẹ́jọ, kò gbà ju ẹni mẹ́rin lọ lórí tẹlifíṣọ̀n kan, nígbà tí géèmù ìjà Super Smash Bros. Ultimate, tí gbogbo ẹni jọ ń wo ojú kan náà, gba mẹ́jọ lórí ẹ̀rọ kan náà.

Bí a ṣe ń pín ojú tẹlifíṣọ̀n ló fa èyí. Nínú géèmù bọ́ọ̀lù, pápá kan ni gbogbo yín jọ ń wò, kámẹ́rà kan ló ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, nítorí náà ẹni tuntun tó wọlé kò fi iṣẹ́ púpọ̀ kún iṣẹ́ ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n nínú géèmù ọkọ̀ sísá tàbí ìbọn yíyìn, ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wà yàtọ̀, ẹ̀rọ sì ní láti ya ayé géèmù náà lẹ́ẹ̀kan sí i fún ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó gbá géèmù ìbọn GoldenEye lórí Nintendo 64 rántí pé, bí ẹni mẹ́rin bá ti wà níbẹ̀, àwòrán á máa fà bí ìgbín, ẹni tó bá gbọ́n á sì máa yọjú wo apá tẹlifíṣọ̀n tó jẹ́ ti alátakò rẹ̀. Bí àwòrán géèmù ṣe ń dára sí i ni iṣẹ́ yìí ń wọ ẹ̀rọ lọ́rùn. Géèmù ìbọn Halo, tí àwọn èèyàn ti ń pín tẹlifíṣọ̀n gbá láti ọdún 2001, kò gba pípín rárá mọ́ nígbà tí ìkarùn-ún rẹ̀ jáde ní ọdún 2015. Íńtánẹ́ẹ̀tì ni àwọn tó ń ṣe géèmù fi rọ́pò rẹ̀: kí olúkúlùkù wà nílé rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tirẹ̀ àti dátà tirẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tí dátà ti wọ́n, tí ọmọ sì pọ̀, kò rí èrè kankan níbẹ̀.

Nítorí náà, bí bọ́ọ̀lù bá ni àwọn ọmọ yín fẹ́ràn, PS4 àlòkù pẹ̀lú pádì mẹ́rin tó, nítorí FIFA orí rẹ̀ ń gba mẹ́rin, méjì-méjì sí ìhà kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn ọmọ kéékèèké bá pọ̀ nínú wọn, Switch ni mo máa ń dábàá, nítorí géèmù tí ẹni púpọ̀ lè jọ ṣe pọ̀ lórí rẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ wo ẹ̀yìn páálí géèmù kí ẹ tó sanwó, ibi tí wọ́n kọ iye ẹni tó lè ṣe é sí, kí ẹ sì rí i dájú pé ti inú ilé ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí wọ́n máa ń kọ méjèèjì sún mọ́ra. Ẹ fi owó pádì kún ìṣirò yín pẹ̀lú, torí ọ̀kan ṣoṣo ló sábà máa ń bá PS4 wá nínú páálí. Ihò méjì péré ló sì wà níwájú ẹ̀rọ náà tí ẹ lè fi ṣáàjì pádì, nítorí náà, bí iná bá dé, kí ẹ tètè wá ibòmíràn ki àwọn méjì yòókù bọ̀.