Ẹnu Chicago, ẹnu Houston, ẹnu Mókọ́lá

Àwọn ará ilé gbà pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo Amẹ́ríkà ń gbà sọ̀rọ̀: nímú, kíákíá, bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti Amẹ́ríkà dé tí kò sọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n á ní ṣé ó débẹ̀ lóòótọ́. Chicago ni mo kọ́kọ́ gbé kí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó gbé mi wá sí Houston ní Texas. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé bí ẹ bá mú ará Chicago kan àti ará ìgbèríko Texas kan jókòó síwájú ìyá mi ní Ìbàdàn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, màmá á pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á bèèrè orílẹ̀-èdè tí ẹnì kejì ti wá.

Ní Chicago, fáwẹ̀lì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Fáwẹ̀lì wọn ti ṣípò lẹ́nu. Bí wọ́n bá pe block, á bọ́ sí wa létí bíi black. Bí wọ́n bá ń pe obìnrin kan tó ń jẹ́ Ann, ẹ ó máa wo ibi tí ọkùnrin tó ń jẹ́ Ian á ti dìde. Kì í ṣe Chicago nìkan. Detroit, Cleveland, Buffalo, Rochester, gbogbo ìlú ńláńlá tó wà létí àwọn adágún ńlá àríwá ló jọ ń ṣe é, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn onímọ̀ èdè ti ń tọpa rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti ń fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ báyìí, àmọ́ ẹni tó bá ti tó ọmọ àádọ́ta ọdún, ó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ dáadáa. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé wọn kò mọ̀. Ará Chicago á sọ fún yín tọkàntọkàn pé òun kò ní ohùn kankan, pé àwọn ará Gúúsù àti ará Boston ló ní i. Nílé wa, ta ló jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀? Ọmọ Ìbàdàn mọ̀ pé s ni òun ń pè níbi tí àwọn yòókù ti ń pe ṣ, nítorí wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú u. Ọmọ Èkìtì tó wá kàwé lọ́dọ̀ wa kò ní lo ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó máa sín in jẹ. Kò sẹ́ni tí kò mọ èyí tó wà lẹ́nu òun.

Bẹ́ẹ̀ sì ni Chicago fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohùn kan. South Side ni mo gbé. Àwọn aládùúgbò mi jẹ́ dúdú Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá wọn, síbẹ̀ ohùn wọn sún mọ́ ti Mississippi ju ti àwọn aláwọ̀ funfun tó wà ní ibùdókọ̀ mélòó kan sí wọn lọ. Láàrin nǹkan bí 1910 sí 1970, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà àwọn aláwọ̀ dúdú ló kó kúrò ní Gúúsù, tí wọ́n ń sá fún ìyà àti òfin ìyapa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Mississippi wọ ọkọ̀ ojú irin Illinois Central, Chicago ni wọ́n sì sọ̀ sí. Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbé ibi tó wù wọ́n. Ìwé àdéhùn ilé ní kí ẹnikẹ́ni má ta á fún aláwọ̀ dúdú, báńkì kò yá wọn lówó, wọ́n tì wọ́n mọ́ àdúgbò kan. Ọmọ wọn kò bá ọmọ aláwọ̀ funfun ṣeré, wọn kì í jọ kàwé nínú kíláàsì kan náà. Báwo ni fáwẹ̀lì ọ̀hún ṣe fẹ́ ràn wọ́n? Ẹni tó bá ń sọ pé ibi tí èèyàn ń gbé ló ń ṣe ohùn rẹ̀, kó tún bèèrè ẹni tí wọ́n jẹ́ kó bá gbé.

Mo rí irú rẹ̀ ní kékeré láìmọ̀. Mókọ́lá ni mo dàgbà sí, Sábó sì wà nítòsí wa. Àwọn Hausa ti tẹ̀dó síbẹ̀ láti 1916, wọ́n ní mọ́sáláṣí tiwọn, wọ́n ní ọjà tiwọn. Wọ́n á bá wa sọ Yorùbá Ìbàdàn tó já gaara bí a bá lọ ra súyà, àmọ́ bí wọ́n bá yí ẹ̀yìn pa dà, Hausa ni wọ́n ń sọ fún ọmọ wọn, ọmọ náà sì ń sọ ọ́ fún ọmọ tirẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú tó kọ́lé sí Òkè-Àdó kò ní ògiri kankan láàrin àwọn àti wa. Ọmọ wọn bá wa gbá bọ́ọ̀lù, ó bá wa ta tẹ́ńté, ọmọ-ọmọ wọn wá di ẹni tó ń sọ ṣ di s bíi tiwa. Orúkọ ìdílé nìkan ni ẹ ó fi mọ̀ pé Ìjẹ̀bú ni.

Houston ni etí mi ti wá rí iṣẹ́ ṣe. Lẹ́nu àwọn ará Gúúsù, pen àti pin ò yàtọ̀ síra wọn. Ẹ wo iṣẹ́ nọ́ọ̀sì: ẹnì kan na ọwọ́, ó ní kí ẹ bá òun mú nǹkan náà wá, ẹ kò mọ̀ bóyá bírò ló fẹ́ tàbí nǹkan tó ń gún ni. Àwọn fúnra wọn mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ pé ink pen kí ó lè yéni. Fáwẹ̀lì tó yẹ kó yí nínú ride kì í yí, á kàn na gbalaja, ráàd. Ohun tí wọ́n ń pè ní pop ní Chicago, soda ni ní New York; níbí, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà á ní Coke, bí ohun tó wà nínú agolo náà tilẹ̀ jẹ́ Fanta. Èyí ò yọ àwa lẹ́nu. Mínírà ni, láti Ìbàdàn dé Èkìtì.

Y'all ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ wọn. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé kò ní ohun tí a fi ń pe ọ̀pọ̀ èèyàn yàtọ̀ sí ẹnì kan, Gúúsù sì lọ wá a rí. Àmọ́ kì í ṣe ẹ ti ọ̀wọ̀ o. Bí wọ́n bá fẹ́ bọ̀wọ̀, ma'am àti sir ni, gbogbo èèyàn ni wọ́n sì ń fi í kí. Bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún á dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, á dá mi lóhùn pé "Yes, ma'am", ojú á sì gbà mí tì, nítorí bí a bá wà nílé ni, èmi ni mo yẹ kí n wà lórí ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àwa ará Ìbàdàn má yájú jù lórí ọ̀rọ̀ ẹ yìí. Nínú ojúlówó ẹ̀ka-èdè Èkìtì àti ti Òǹdó, wọn kì í fi ẹ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan. Wọ́n á bá àgbà sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń bá ẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á sì kúnlẹ̀ fún un wọ̀ọ̀. Àwa la wá ń sọ káàkiri pé wọn ò lẹ́kọ̀ọ́.

Ìkéré-Èkìtì ni bàbá mi ti wá, ojú ọ̀nà yẹn sì ni mo fi ń díwọ̀n Amẹ́ríkà. Láti Houston sí El Paso, nínú Texas kan náà, ó lé ní 1,100 kìlómítà. Ẹ ó wakọ̀ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Spanish á pọ̀ sí i létí yín, ohùn á rọ̀ díẹ̀, kò tún sí nǹkan míì. Ìbàdàn sí Ìkéré kò tó 250 kìlómítà. Kí ẹ tó jẹ búrẹ́dì tí ẹ rà ní gáréèjì tán, ẹ ti dé Ifẹ̀, ilé ti di ulé, iṣẹ́ ti di uṣẹ́. Ẹ kọjá Iléṣà, ó le sí i. Ẹ fọwọ́ yà sí Òǹdó, ẹ ó bá ìró kan tó ń jáde láti ọ̀nà ọ̀fun níbi tí àwa ti ń pe w.

Ọjọ́ orí ìlú ló fà á. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ Jamestown dó ní 1607, wọ́n dé Plymouth ní 1620, etíkun ìlà-oòrùn yẹn náà ni oríṣiríṣi ohùn pọ̀ sí jù. Láti Philadelphia, níbi tí omi ti ń jẹ́ wooder, sí Baltimore, kò ju nǹkan bíi 160 kìlómítà, àwọn méjèèjì á sì máa fi ara wọn ṣẹ̀sín. Ìwọ̀-oòrùn dé lẹ́yìn. Lọ́dún 1849, wúrà kó àwọn èèyàn láti ibi gbogbo lọ sí California, ọmọ wọn sì ń mú ohùn tó wà láàrin. Báyìí náà ni Ìbàdàn. Bùdó ogun ni ní nǹkan bí 1829. Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá ló pàdé níbẹ̀, ẹnu Ọ̀yọ́ ló sì borí. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé Ìbàdàn ni California tiwa. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Ìjẹ̀bú ní kí n yéé bú California.

Ọ̀rọ̀ iyì ni kò jọra rárá. Láti ìgbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, Ọ̀yọ́ ló wà nídìí Yorùbá ìwé, kò sì yẹ̀ títí dòní. Bí ọmọ Èkìtì bá fẹ́ ka ìròyìn lórí rédíò, á fi ulé sílẹ̀ nílé. Ní Amẹ́ríkà, iyì lè yí ẹ̀yìn pa dà láàrin ìran kan. Ààrẹ Franklin Roosevelt kì í pe r tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀, ohùn ọlọ́lá sì ni nígbà náà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, r wá di ti gbajúmọ̀. Lọ́dún 1962, William Labov, onímọ̀ èdè kan, wọ ilé ìtajà mẹ́ta ní New York: Saks tí ọjà rẹ̀ wọ́n, Macy's tó wà láàrin, àti S. Klein tó pọ́ọ́kú. Ó ń bèèrè ohun tó mọ̀ pé àjà kẹrin ló wà, kí wọ́n lè dá a lóhùn pé fourth floor. Àwọn òṣìṣẹ́ Saks ló pe r jù, ti Klein ló pè é kéré jù. Gbogbo wọn ń gba owó oṣù tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Iyì oníbàárà ló ràn mọ́ wọn lẹ́nu.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó dàgbà ní Philadelphia ń pe wooder. Bàbá rẹ̀ kò pè é, ìyá rẹ̀ kò pè é. Ọmọ mi obìnrin ń pe y'all kó tó parí gbólóhùn, èmi sì tún ń sọ Gẹ̀ẹ́sì Mókọ́lá fún un lójoojúmọ́. Wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ti ohùn, òde ni ọmọ ti ń kó o wọlé, Ìbàdàn ni o, Houston ni o. Àwa ni a kò gbà nílé. Títí di 1996 ni mo ń kọ Ìpínlẹ̀ Òǹdó sínú gbogbo fọ́ọ̀mù. Nígbà tí wọ́n dá Èkìtì sílẹ̀, mo ń kọ Èkìtì, èmi tí àwọn ẹbí bàbá mi ní Ìkéré ń pè ní ọmọ Ìbàdàn nígbàkúgbà tí mo bá la ẹnu. Ìwé ìwakọ̀ Texas kò kọ ibi tí bàbá mi ti wá. Ibi tí mo ń gbé ló kọ síbẹ̀.

Labov kan náà ti kọ́kọ́ lọ sí erékùṣù Martha's Vineyard, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1963. Ó rí i pé àwọn tó fẹ́ràn erékùṣù náà, tí wọ́n sì fẹ́ jókòó síbẹ̀, ń sọ̀rọ̀ bí àwọn apẹja àtijọ́ ju àwọn tó ti ń wá ọ̀nà àtilọ lọ. Mo ti ń wo àwa ọmọ Yorùbá Houston pẹ̀lú ojú yẹn. Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ sí Àkóbọ̀, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì kúrò ní Ìbàdàn.

Ọmọ mi ń múra yunifásítì ní Minnesota. Àwọn Jámánì àti àwọn ará Norway àti Sweden ló pọ̀ nínú àwọn tó tẹ ibẹ̀ dó, o wọn sì dúró gbọnin, kì í yí bíi ti àwọn Amẹ́ríkà yòókù: bóòt, góò, hóòm. O wa gan-an nìyẹn. Bó bá fi ọdún mẹ́rin bá wọn gbé, ìyá mi ní Mókọ́lá á máa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lórí fóònù láìní kí n máa ṣe ògbufọ̀.