Mo rí pásípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ náà, mo sì dákẹ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, mo rí pásípọ́ọ̀tù tuntun tí àbúrò mi ọkùnrin gbà fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ìlú Ọba ni gbogbo wa ń gbé. Ó ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn fẹ́ lọ lò ní Tọ́kì. Mo ní kí Ọlọ́run mú wọn lọ, kó mú wọn bọ̀.

Bẹ́ẹ̀, gbogbo àmì ló wà nílẹ̀ pé ọ̀dọ̀ ISIS, ẹgbẹ́ agbésùmọ̀mí tó gba ilẹ̀ ní Síríà nígbà náà, ló fẹ́ kó wọn lọ. Ó ti yọ àkọ́bí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kúrò ní iléèwé. Ó ní ìrun tí bàbá wa ń kí lẹ́yìn lèmọ́mù àdúgbò kì í ṣe ìrun, pé kèfèrí ni gbogbo wa. Ó ti ta bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ. Ta ní ń ta bẹ́ẹ̀dì ọmọ nítorí ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì? Mo rí i, ó sì yé mi. Ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ ni pé n kò fẹ́ kí ẹbí sọ pé èmi ni mo fi ọlọ́pàá mú ọmọ ìyá mi.

Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ bá ń ṣẹlẹ̀ nítòsí yín, ìgbà tí ẹ bá rí pásípọ́ọ̀tù ni kí ẹ sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2015 yẹn gan-an, ilé ẹjọ́ gíga ní London ń gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ irú òbí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi àwọn ọmọ sábẹ́ ààbò ilé ẹjọ́. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ wẹ̀wọ̀n. N kò mọ̀, n kò sì bèèrè. Tí wọ́n bá ti kọjá ààlà Tọ́kì sí Síríà, kò sí adájọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ tó wọn mọ́.

Ó pè mí láti Raqqa, ìlú tí ISIS fi ṣe olú ìlú wọn ní Síríà. Mo bú u, mo ṣépè fún un, ó sì pa fóònù. Oṣù méje ni n kò fi gbọ́ ohùn àwọn ọmọ. Ó tọ́ kí inú bí mi, ṣùgbọ́n fóònù yẹn ni okùn kan ṣoṣo tó so àwọn ọmọ mọ́ wa. Nígbà tó tún pè, n kò bá a jiyàn ẹ̀sìn mọ́. Ṣé wọ́n ti jẹun? Ta ló ń sùn tì wọ́n? Gbé fóònù fún un, jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀.

Àbúrò mi kú ní 2017. Ní 2019, lẹ́yìn tí Baghouz, ìlú tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ ISIS ní Síríà, bọ́ lọ́wọ́ wọn, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ bá ara wọn ní àgọ́ al-Hol ní Síríà, níbi tí èèyàn tó lé ní 70,000 há mọ́, tí obìnrin àti ọmọdé sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ti bí ọmọ kẹta nígbà náà. Ìwé ìbí tí ISIS kọ fún un, kò sí orílẹ̀-èdè tó kà á sí ìwé. Ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, nítorí pé ìyá wa kì í da ìwé nù. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà ìwé ìbí, fọ́tò, ìwé iléèwé, gbogbo ohun tó fi hàn pé ọmọ yẹn jẹ́ ọmọ ibì kan.

Ní àgọ́ náà lásìkò yẹn, wọ́n máa ń ya ọmọkùnrin tó bá ti ń bàlágà kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àkọ́bí pé ọdún 13 ní ọdún yẹn. Fọ́tò iléèwé tó yà nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo fi ránṣẹ́ sí agbẹjọ́rò. Ó ní ojú ọmọ á ti yí padà, kí n wá èyí tó fi àpá tó wà ní àgbọ̀n rẹ̀ hàn.