Kí Ẹ Tó Náwó Sí Ẹsẹ̀ RV Yín: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lórí Ford E-450

Ẹni tó bá ń wa RV, ọkọ̀ tó ní ilé lórí tí wọ́n fi ń rìnrìn-àjò, ní Amẹ́ríkà mọ bó ṣe máa ń rí tí tírélà bá fẹ́ yà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Kí orí tírélà náà tó dé ọ̀gangan fèrèsé ẹni, atẹ́gùn rẹ̀ á ti ti ìdí ọkọ̀ síta. Bó ṣe ń kọjá lọ, á tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ á le mọ́ sítíárìn, ìyàwó á gbé ọ̀rọ̀ tó ń sọ mì, abọ́ á máa lu abọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ lórí ọ̀nà márosẹ̀ I-10, èjìká awakọ̀ á dà bíi ti ẹni tó gúnyán fún gbogbo àdúgbò.

Class C ni tèmi, ilé tí wọ́n kọ́ lé ṣáásí Ford E-450. Ṣáásí akẹ́rù ni. Twin I-Beam ló wà níwájú, irin gbọọrọ méjì tí Ford ti ń fi sábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù láti 1965. Ẹ̀yìn jókòó lórí sípíríǹgì onírin pẹlẹbẹ, táyà méjì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó lágbára, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ ilé gíga ni wọ́n gbé lé e lórí, ògiri rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ sì gùn jáde kọjá táyà ẹ̀yìn dáadáa. Ohun tó jẹ́ kí àwọn tó ń ta nǹkan ẹsẹ̀ ọkọ̀ rí jẹ nìyẹn. Kò sí ẹni tí ẹ máa bi tí kò ní ní irin kan tó fẹ́ kí ẹ rà.

Kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yín gan-an. Kó máa rìn gbéregbère lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, tí ọwọ́ yín kò fi lè sinmi lórí sítíárìn, ọ̀tọ̀ ni. Kó máa fì sọ́tùn-ún sósì tí ẹ bá ń wọ ilé epo, ọ̀tọ̀ ni. Kí ìdí rẹ̀ máa jù tí tírélà bá kọjá, ìyẹn náà dá dúró. Kí gálọ́ọ̀pù kékeré máa dùn yín dé egungun ẹ̀yìn, òun náà ní tirẹ̀. Irin tó ń wo ọ̀kan nínú wọn kì í sábà wo èkejì, òmíràn tiẹ̀ lè dá kún un.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń wa tírélà ní Houston ni mo lọ bá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, irú ṣọ́ọ̀kì wo ni kí n rà?" Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé o ti gbé e gorí ìwọ̀n?" Wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

CAT Scale, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ ńlá, wà ní ọ̀pọ̀ ibi tí àwọn onítírélà ti ń dúró rọ epo. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ máa ń kó rìnrìn-àjò sínú ọkọ̀, ẹ rọ epo kún, ẹ bu omi kún táǹkì, kí gbogbo ẹni tó ń bá yín lọ jókòó sí ààyè rẹ̀. Táyà iwájú á wà lórí pèpéle kan, ti ẹ̀yìn á wà lórí èkejì. Ìwé tí wọ́n máa fún yín á sọ iye tí iwájú gbé, iye tí ẹ̀yìn gbé, àti àpapọ̀ wọn. Ẹ wá fi wé káàdì tó wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Tèmi sọ pé àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ju 14,500 pọ́ùn lọ, iwájú 5,000, ẹ̀yìn 9,600.

Àpapọ̀ lè dára kí ẹ̀yìn ti kọjá àlà, kí iwájú sì fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní ẹsẹ̀ bàtà 14 ló wà láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, ẹ wá gbé ẹrù 200 pọ́ùn kọ́ ìdí ọkọ̀, ní ẹsẹ̀ bàtà 7 sẹ́yìn táyà ẹ̀yìn. 200 kọ́ ni ẹ̀yìn máa gbé o, 300 ni, torí ẹrù yẹn ti gbé 100 kúrò lórí iwájú. Táyà iwájú tó fúyẹ́ kì í di ọ̀nà mú. Àwa náà sì mọ bí a ṣe ń di ẹrù lọ òde: jẹnẹrétọ̀, kúlà ńlá méjì, ìkòkò tó lè bọ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn, àpò ìrẹsì, iṣu láti òpópónà Bissonnet ní Houston, gbogbo rẹ̀ á wà ní ìdí ọkọ̀. Gálọ́ọ̀nù omi kan ju pọ́ùn 8 lọ. Táǹkì 40 gálọ́ọ̀nù tó kún ju 330 pọ́ùn lọ, ọ̀pọ̀ RV ló sì jẹ́ pé ẹ̀yìn náà ni táǹkì ọ̀hún wà. Abẹ́ tábìlì ìjẹun ni ìkòkò àti ìrẹsì tiwa ń wọ̀ báyìí, láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Kọ́bọ̀ kan kò bá a lọ.

Afẹ́fẹ́ táyà ló kàn. Táyà LT225/75R16, Load Range E (ìpele ẹrù tó lè gbé), ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ mi. Wọ́n kọ 80 psi (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ táyà) sí i lára, ṣọ́ọ̀bù táyà á sì fọn 80 sí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láì bèèrè. 80 yẹn wà fún ẹrù tó pọ̀ jù lọ tí táyà náà lè gbé: 2,680 pọ́ùn bó bá dá wà, 2,470 bó bá jẹ́ méjì méjì. Ní ẹ̀yìn, 2,470 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 9,880, díẹ̀ ló fi ju 9,600 lọ. Nítorí náà, bí ẹ̀yìn bá wúwo, 80 ni kó wà, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i. Àmọ́ iwájú tó gbé nǹkan bíi 4,200 kò nílò 80. Táyà á le gbagidi, á máa fò lórí gálọ́ọ̀pù, ẹ ó sì rò pé ṣọ́ọ̀kì ló kú. Ẹ wo tábìlì ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà yín, ẹ wá psi tó bá ìwé ìwọ̀n mu, kí ẹ sì fi díẹ̀ kún un, torí ìwé CAT kò sọ bóyá ọ̀tún wúwo ju òsì lọ. Àárọ̀ la ń wọn afẹ́fẹ́, kí ọkọ̀ tó rìn, kí oòrùn tó ràn sí i lára.

Alignment wá, ìyẹn títo táyà kí wọ́n dojú kọ ibi tó yẹ. Mo mọ̀ pé wọ́n ti bá yín ṣe é. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n fún yín ní ìwé tó ní nọ́ńbà caster? Caster ni bí òpó tí táyà iwájú fi ń yí ṣe fẹ̀yìn tì. Bó bá fẹ̀yìn tì tó, sítíárìn á máa fúnra rẹ̀ padà sí àárín. Bí kò bá tó, ọkọ̀ á máa wá ọ̀nà kiri. Ó lè wà láàárín ohun tí Ford fọwọ́ sí, kó má sì tó fún ilé gíga. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń fẹ́ kó sún mọ́ digírì 5. Búṣìn tó wà ní ball joint òkè, oríkèé tí táyà iwájú fi ń yí, ni wọ́n ń pààrọ̀: wọ́n á yọ tàtijọ́, wọ́n á fi èyí tó ṣeé yí sí i. Kí ẹ gbé ọkọ̀ lọ pẹ̀lú ẹrù nínú, torí bí iwájú bá ṣe ga tàbí rẹlẹ̀ ni táyà Twin I-Beam ń ṣe tẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ akẹ́rù ni kí ẹ lọ. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé "it's in the green", pé ó wà láàárín ibi tó yẹ, ẹ fi sùúrù bèèrè nọ́ńbà. (Ẹni tó ń lo Chevy 4500, iwájú tiyín yàtọ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yí caster kì í ṣe báyìí.) Nínú gbogbo owó tí mo ná, èyí ló tu apá mi lára jù.

Ìgbà yìí la ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kan irin rírà.

Ṣọ́ọ̀kì kì í gbé ẹrù, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dá sípíríǹgì dúró lẹ́yìn tó bá ti fò lẹ́ẹ̀kan. Bilstein ti Jámánì máa ń di ọkọ̀ mú pinpin; Koni FSD máa ń fàyè gba gálọ́ọ̀pù kéékèèké, á wá le nígbà tí gbogbo ilé bá fẹ́ máa mì. Èmi fẹ́ràn ti kejì. Afárá Atchafalaya ní Louisiana ló bá mi ṣèdájọ́. Wọ́n ti ṣí i láti 1973, ó gùn tó máìlì 18, oríkèé kọnkéré ló sì kún orí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tẹ́lẹ̀, orí wa kì í sinmi níbẹ̀. Ní báyìí, ọmọ ń sùn kọjá.

Ti fífì sọ́tùn-ún sósì, ọ̀pá stabilizer tó nípọn ni, ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì. Agbára rẹ̀ kì í lọ ní ìwọ̀n-ńwọ̀n pẹ̀lú ìnípọn o: ọ̀pá ínǹṣì 1.5 fi nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún le ju ti ínǹṣì 1 lọ. Ìdí rèé tí ẹ kò fi ní kù gìrì ra èyí tó nípọn jù. Bí táyà kan bá bọ́ sí kòtò, ọ̀pá tó le jù á fa ẹgbẹ́ kejì mọ́ ọn, orí yín á sì máa jù sọ́tùn-ún sósì nínú ọkọ̀. Ti ẹ̀yìn nìkan ni mo pààrọ̀.

Ìdí tó ń jù tí tírélà bá kọjá kò gbọ́ ti stabilizer púpọ̀. Irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn yẹn lè tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ilé máa rá lórí axle, irin ìbú tó wà láàárín táyà ọ̀tún àti ti òsì. Track bar ni oògùn rẹ̀, ọ̀pá kan ṣoṣo tó so axle mọ́ ṣáásí ní ìbú. Díẹ̀ lára àwọn tí mo mọ̀ ló ní in, bẹ́ẹ̀ ohun tí gbogbo wọn ń ráhùn lé lórí nìyẹn.

Àpò afẹ́fẹ́ ńkọ́, irú Firestone tàbí Air Lift? Nílé, onímọ́tò tó bá fẹ́ kó ẹrù sí i á ní kí wọ́n fi irin kún sípíríǹgì, ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀pọ̀ wa gbé èrò yẹn wá síhìn-ín. Àpò yìí á gbé ìdí ọkọ̀ tó ti sọ̀ kalẹ̀ dìde, iṣẹ́ tó mọ̀ nìyẹn. Kò fi pọ́ùn kan kún 14,500; axle, bíréèkì àti táyà kò mọ̀ pé ẹ ra nǹkan. Àwọn tó ṣe é gan-an kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Bí ẹ bá sì fẹ́ rà á, kí ọ̀tún àti òsì ní páìpù tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí páìpù kan bá so méjèèjì pọ̀, ní kọ́nà, afẹ́fẹ́ á sá kúrò ní ẹgbẹ́ tí wọ́n tẹ̀ lọ sí èkejì, ọkọ̀ á sì tẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Steering stabilizer, irú ṣọ́ọ̀kì tó ń di sítíárìn mú, ẹ fi sẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ó wúlò bí táyà iwájú bá bẹ́, àmọ́ tí caster kò bá tíì dára, ńṣe ló máa bo àìsàn mọ́lẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n so gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ọ̀kan, kí ẹ wà á lọ sójú ọ̀nà tí ẹ mọ̀, kí ẹ tó ra òmíràn. Kí ẹ sì dúró ti mẹkáníìkì nígbà tó bá ń di bọ́ọ̀tì tó mú búṣìn onírọ́bà: táyà gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀, kí ẹrù ọkọ̀ ti wà lórí wọn. Bó bá dì í pa nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì rọ̀ lórí jáàkì, rọ́bà á ti lọ́ kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì ní pẹ́ ya. Lẹ́yìn ìrìn-àjò àkọ́kọ́, ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì yẹn dì. Èmi máa ń fi kùn funfun fa ìlà láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin. Tí mo bá wo abẹ́ ọkọ̀ tí ìlà kan ti yẹ̀, mo ti mọ èyí tó ń tú.