Ohun Tí Owó Tìráńsífọ́mà Kọ́ Mi Nípa Dídarí Èèyàn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè darí èèyàn, kó lọ ṣe alága ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù ládùúgbò kan ní Adó-Èkìtì. Kò sówó oṣù níbẹ̀, kò sì sí ọlọ́pàá tó máa bá yín mú ẹni tó bá kọ̀ láti san owó. Gbogbo ẹni tó jókòó síwájú yín ló ń gbé inú ilé ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣe ọ̀gá iléèwé rí, tíṣà sì ni tíṣà ń jẹ́ títí dọjọ́ alẹ́: bẹ́ ẹ bá ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ, ojú mítìn ni wọ́n ti máa tún un ṣe fún yín. Mo ṣe é fún ọdún mélòó kan. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ ti ẹgbẹ́, ti ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ti ìdílé.

Owó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ má dúró kí wọ́n tó bi yín kẹ́ ẹ tó ṣírò rẹ̀ fún wọn. Lọ́dún tí tìráńsífọ́mà wa jóná, àwọn tó ń pín iná ní tá a bá fẹ́ kó tètè ṣeé tún ṣe, kí àdúgbò dáwó. A dá a. Mo wá ní kí akọ̀wé kọ gbogbo ohun tá a ná sórí káádíbọ́ọ̀dù, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù obìnrin tó ń ta gaàrí ní ìkóríta: epo, fíùsì, wáyà, owó ọkọ̀, títí dórí omi inú ọ̀rá. Bàbá kan dúró níwájú rẹ̀, wọ́n gbé gíláàsì ojú wọn sókè, wọ́n ń fi ìka tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Omi, 800 náírà? Ta ló mu omi 800 náírà?”

Mo ní àwọn tó gun òpó ni, pé èmi náà mu méjì níbẹ̀.

Wọ́n wò mí. “O tiẹ̀ kọ tìẹ mọ́ ọn.”

Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ wọn gbé owó wá, àwọn tí wọn kì í dáwó rárá látìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n. Owó wáyà ju owó omi lọ fíìfíì, síbẹ̀ wọn ò béèrè rẹ̀. Ohun kékeré tí olórí rò pé kò tó nǹkan yẹn gan-an làwọn èèyàn fi ń wò ó bóyá ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹni tí kò bá san tirẹ̀, ẹ má dárúkọ rẹ̀ ní mítìn. Ilé rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, láàárọ̀ kùtù, kó tó jáde. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Màmá kan wà tá a ti ń pè ní ahun lẹ́yìn wọn. Ìgbà tí mo jókòó sílé wọn ni mo gbọ́ pé owó ìfẹ̀yìntì wọn kò wọlé láti oṣù pípẹ́. Kí n tó dìde, wọ́n ní àwọn á gún iyán fún àwọn òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá ṣiṣẹ́. Iyán náà dé tòun ti ẹ̀fọ́ rírò, ẹran sì wà níbẹ̀. Mo ní kí akọ̀wé kọ orúkọ wọn sára káádíbọ́ọ̀dù pé wọ́n ti san. Ẹnì kan fẹ́ máa kùn, àmọ́ àwọn tó bá wọn jẹ nínú iyán náà kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

Kò sí ẹgbẹ́ tí kò ní ẹni tí ohunkóhun kì í tẹ́ lọ́rùn. Tiwa mọ iye ohun gbogbo. Mo ní kí òun àti akápò jọ lọ ra wáyà. Ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó dé, torí ó ti ká gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ó sì ná an títí tí ẹni tó ń tà á fi ń bẹ̀bẹ̀. Nígbà tẹ́nì kan wá sọ ní mítìn pé owó wáyà ti pọ̀ jù, mi ò la ẹnu rárá. Òun ló dìde. Kì í ṣe gbogbo alátakò lèyí ń ṣiṣẹ́ fún o. Òmíràn kàn fẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó kàn.

Ní ti àkókò mítìn: ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ dá, ì báà jẹ́ èèyàn mẹ́rin ló wà níjókòó.

Èyí tó le jù ni bí a ṣe ń kúrò. Tí wọ́n bá ń sọ̀tàn ogun Kírìjì, èyí tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀ bá Ìbàdàn jà, fún ọmọ Èkìtì, ariwo ìbọn ni wọ́n máa ń sọ. Mi ò gbọ́ kí wọ́n tẹnu mọ́ ọn tó pé Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí ló kọ́kọ́ ṣíwájú ọmọ ogun Èkìtì Parapọ̀, pé nígbà tí Ògèdèǹgbé dé láti Iléṣà, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ogun, Fábùnmi kò sì tìtorí ẹ̀ fi ogun sílẹ̀. Wọ́n jọ jà á ni, títí dìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà lọ́dún 1886.

Alága tí mo gbapò lọ́wọ́ wọn ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Wọ́n kó ìwé owó lé mi lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á nawọ́, àwọn tó lè bí mi lọ́mọ: “Alága, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ̀rọ̀.” Nígbà tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ta ló kù tó máa yájú sí mi?

Èmi náà ti kúrò báyìí. Alága tuntun, àbúrò mi lọ́jọ́ orí, ti gbé mítìn kúrò ní ọjọ́ Àìkú lọ sí ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí gbogbo ayé ń wo bọ́ọ̀lù. Mo nawọ́. Mo ní, “Alága, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ̀rọ̀.” Ó ní kí n ní sùúrù, ẹlòmíràn ló kàn. Mo jókòó.