Mọ́mì, ẹ má sọ ọ́ níbí

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín bá a ṣe ń kíra wa ní Kábà, okun o.

Sátidé tó kọjá la wa mọ́tò láti Manchester lọ sí Conwy, ní Wales. Bàbá àwọn ọmọ ló ní ká fi àárọ̀ wo odi àtijọ́, ká lọ najú létí òkun lọ́sàn-án. Oorun lèmi ń wá o, náìtì mẹ́rin ni mo ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, síbẹ̀ mo dìde se jọ̀lọ́ọ̀fù, torí mo mọ iye tí wọ́n ń ta ẹja àti ṣípìsì fún èèyàn mẹ́rin.

Orí odi lọ̀rọ̀ ti bẹ́. Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń sáré, mo bá lọgun pé "Rọra o! Wàá já bọ́!" Ọmọ dúró, ó wọ̀tún wòsì, ó wá fi òyìnbó sọ ọ́ sí mi létí pé Mọ́mì, ẹ má sọ ọ́ níbí, wọ́n ń wò wá.

Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ tá a wà, ọwọ́ ò ṣeé gbé. Ojú ni mo fi bá a wí.

Odi ọ̀hún lé ní kìlómítà kan, ilé ìṣọ́ 21, ẹnubodè 3, ọba Edward I ló ní kí wọ́n mọ ọ́ láàárín 1283 sí 1287. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ṣálángá 12 tí wọ́n tò sára odi lẹ́sẹẹsẹ, ìdí wọn yọ síta ìlú, ẹ ṣáà mọ ohun tí ọ̀tá tó bá sún mọ́bẹ̀ á fi orí gbà. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwọn Tápà ń ti Bídà wá kó wa lẹ́rú, òkè làwọn bàbá wa gùn, Ọlọ́run ló bá wọn mọ odi tiwọn.

Onílẹ̀ gan-an ni wọ́n mọ odi Conwy dè o. Gẹ̀ẹ́sì ni ọba yẹn kó sínú ìlú, wọn ò fẹ́ kí àwọn Welsh gbébẹ̀. Ká sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ìyá àgbà kan àti ọmọ kékeré kan wà níwájú wa níbi áìsìkirímù, Welsh ni wọ́n ń sọ, ìyá ń bá ọmọ wí, mi ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀ àmọ́ mo dá ohùn yẹn mọ̀, ohùn ìyá mi ni. Kò sẹ́ni tó wò wọ́n. Lórí títì, wọ́n kọ ARAF gàdàgbà, SLOW wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọmọ mi ní kí ni ARAF. Mo ní "Rọra" ni. Kò fọhùn, ó ń lá áìsìkirímù ẹ̀.

Nínú mọ́tò ni mo ti kà á lórí fóònù pé láyé 1800 sí 1900, àwọn ilé ìwé kan ní Wales máa ń so pákó mọ́ ọmọ tó bá sọ Welsh lọ́rùn, òun náà á máa ṣọ́ ẹlòmíì tó máa gbà á, ẹni tó bá wà lọ́rùn ẹ̀ nírọ̀lẹ́ ló jẹ ẹgba. Mo pa fóònù dé. Ní Kábà, ní pírámárì, "fánákúlà" la máa ń pe èdè ilé téèyàn bá sọ ní ilé ìwé, èmi sì ni mónítọ̀, èmi ni mò ń kọ orúkọ. Mo kọ orúkọ ọmọbìnrin kan nítorí ó ní "omi". Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Orí òkúta wẹ́wẹ́ ló kúnlẹ̀ sí títí wọ́n fi lu aago, nígbà tó dìde òkúta lẹ̀ mọ́ orúnkún ẹ̀, ó ń fọwọ́ yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi yìí náà ni mo ní kí bàbá ọmọ má bá ọmọ sọ Yorùbá nígbà tó ń lọ nọ́sìrì, kó má baà dàrú mọ́ ọn lẹ́nu.

Llandudno ò jìnnà síbẹ̀. Afárá onípákó wọn wọnú omi lọ bí ẹni pé kò ní padà, láti 1877 ló ti wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ òkè Great Orme ló sọ̀ kalẹ̀ wọ ìgboro ní 2020 nígbà lọ́kídáànù, tó ń jẹ òdòdó onílé kiri, bíi ti Kábà gẹ́lẹ́.

Mo pe màmá mi ní fídíò. Wọn kì í lọ oko mọ́, ẹ̀yin náà mọ ìdí ẹ̀, ojúde ni wọ́n máa ń jókòó sí láti àárọ̀. Mo gbé fóònù fún ọmọ. Màmá ní "Okun o, ọkọ mi." Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ ọ pé òkun là ń pe omi ńlá, ọmọ bá yí fóònù síhà omi kí wọ́n rí i dáadáa.

Màmá wò ó títí. "Omi yìí mà pọ̀ o. Yí i padà, ojú ẹ ni mò ń wá."

Ọmọ wò mí. Ó ní kí ni wọ́n sọ?