Òjò Ò Ṣú, Àrá Ń Sán

Kétu, ilẹ̀ Benin, Ọjọ́bọ̀, alẹ́.

Wọ́n dá sàlẹ́ńsà, ohun tó ń pa ariwo ẹ́ńjìnnì, padà sábẹ́ ọkọ̀ mi lónìí. Agogo mẹ́wàá ti kọjá, èmi nìkan ni mo jókòó síta, mò ń gbọ́ ìrẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni n kò fi gbọ́ ọ dáadáa. Bí mo bá ti ọ̀nà dé lálẹ́, etí mi á máa hó bí omi tó fẹ́ sè, títí oorun á fi gbé mi lọ. Iná ṣì ń tàn nínú yàrá Ìyá. N kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe tí wọn kò tíì sùn.

Báṣé Hilux, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, ni mò ń wà, gasoil, ìyẹn dísù, ló ń mu, ó sì ti dàgbà. Àgbàdo àti gàrí ni mo fi ń kó: láti Ìlárá wá sí Kétu, láti Kétu lọ sí Pọ́bẹ̀, nígbà míì mo ń bá a dé Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Lásìkò òjò tó kọjá ni abẹ́ rẹ̀ jẹrà. Sàlẹ́ńsà, tí àwọn tó kàwé Faransé nínú wa ń pè ní pot, dá ihò lu bí asẹ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jó irin. Ó ní tuntun yóò tó 60,000 sefa, àti pé Kútọnu ni òun ti máa rí i. Tàbí kí òun gé ti tẹ́lẹ̀ dànù, kí òun fi páìpù gbọọrọ rọ́pò rẹ̀ tààrà dé ẹ̀yìn ọkọ̀, 15,000 péré. “Ìrọ̀lẹ́ yìí náà lẹ máa wà á lọ ilé.”

Kí n má purọ́, kì í ṣe owó nìkan. Àwọn ọmọ tó ń wakọ̀ lọ́nà yìí ti ń sọ ọ́ sí mi létí tipẹ́ pé ọkọ̀ tí kò ní sàlẹ́ńsà, èémí rẹ̀ a máa já geere, òkè kì í sú u. Mo gbà wọ́n gbọ́ nítorí pé ó wù mí láti gbà wọ́n gbọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ó bú bí ẹkùn, adìyẹ fọ́n ká, àwọn ọmọdé sáré jáde, ẹnì kan sì kígbe pé, “Ọ̀gá ńlá!” Orí mi wú. Ẹni ọdún 47 ni mí o.

Ní ti agbára, àpò àgbàdo kan náà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan náà, jíà kẹta kan náà ni mo ṣì ń bá a yí. Ariwo ló lé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Kétu mọ̀ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe eré ọmọdé níbí. UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2008 lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò, ṣùgbọ́n bí Ẹ̀fẹ̀, akọrin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, bá jáde, kò sí ti UNESCO lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe àṣejù láàárín ìlú ló ń wá. Pọ́bẹ̀ ni mo ti ń bọ̀ lóru ọjọ́ náà, mo gba ẹ̀yìn ọjà kọjá. N kò tiẹ̀ mọ̀ pé orin ń lọ lọ́wọ́. Kí ni ǹ bá fi gbọ́ ọ? Wọ́n ní ńṣe ni Ẹ̀fẹ̀ pa ẹnu mọ́, ó dúró títí mo fi kọjá tán, ó wá gbé e:

Òjò ò ṣú, àrá ń sán,
Ẹ bá mi bi Ṣàngó, ṣé ó ti ra báṣé?

Àwọn obìnrin gbè é títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyàwó mi wà níbẹ̀. Ó délé láàárọ̀, ó ń fi imú kọ ọ́ bó ṣe ń dáná ògì. Mo bi í pé orin wo nìyẹn, ó ní kò sí. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ tán, torí pé orin náà dára, mo sì tún wa ọkọ̀ mi jáde.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Abomey-Calavi ló kọ́kọ́ mú mi ronú. Ó wá kí ìyá ńlá rẹ̀, ó bá mi níbi tí mo ti ń yẹ epo ẹ́ńjìnnì wò. Ó ní nǹkan kan lórí fóònù tó ń wọn ariwo. Ó gbé e kalẹ̀ ní ìdajì mítà sí ẹnu páìpù, ní ìdágẹ̀rẹ́, kì í ṣe níwájú rẹ̀ gan-an. Ó ní bí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 101. Lẹ́yìn náà ó wọ iwájú ọkọ̀ tọ̀ mí wá, a ti wíńdò pa, mo tún tẹ̀ ẹ́. 79.

“Bàbá kékeré,” ó ní, “ẹran lẹ̀ ń jẹ, ìta àwọn ẹlòmíràn lẹ̀ ń da eegun sí.”

Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé pọ̀n.

Ó kìlọ̀ fún mi pé fóònù kì í ṣe ohun tí a fi ń búra, pé bí ariwo bá ti pọ̀ jù, gbohùngbohùn kékeré inú rẹ̀ kì í gbà á mọ́. Ó wá mú ẹfun, ó kọ ọ́ sí ìdí ọkọ̀: bí o bá ti fi ìlọ́po méjì jìnnà sí i, ó fi 6 dín. Ìdajì mítà, 101. Mítà 1, 95. Mítà 2, 89. Ó ń kọ, mò ń wò ó, títí ó fi dé mítà 512, ó ku 41. Ó ní ògiri àti igi máa jẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìlú bá ti sùn, 41 ṣì tó kí ènìyàn gbọ́, bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń fọhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú yàrá. Mo ro ibi tó jẹ́ mítà 512 sí ilé wa. Mo ro iye ilé tó wà láàárín. N kò nu ẹfun náà kúrò, òjò ló wá fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ kejì, ó bá mi wa ọkọ̀ lọ kó ẹrù ní Ìlárá, èmi dúró sílé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n kò ní sí nínú ọkọ̀ náà nígbà tó bá ń bọ̀. Lálẹ́, mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá. Etí Ìyá ti wúwo. Wọn kì í gbọ́ fóònù tó bá ń dún, ọmọ kékeré á pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó dáhùn. A kò sọ̀rọ̀. Ìgbà tó yá, wọ́n ní:

“Wọ́n ti dé ẹ̀bá Àkàbà Ìdènà.”

Ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa nìyẹn. Mo na etí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ìrẹ̀ pàápàá n kò gbọ́, híhó etí mi nìkan. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí èmi náà tó gbọ́ ọ, láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹni ń wọ́ òkúta lórí páànù. Láti orí ẹní ni mo ti mọ ibi tó ti yí jíà, ibi tó ti dẹwọ́ fún àwọn ewúrẹ́, ibi tó ti yà wọ àdúgbò wa. Ọmọ-ọwọ́ aládùúgbò wa bú sẹ́kún. Bó ṣe ń gun ẹnu ọ̀nà wa bọ̀, àwọn ọmọrí ìkòkò lórí pẹpẹ Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gìrìgìrìgìrì, ọ̀kan jábọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé èyí náà. Ó ní ohùn tínínrín ni ogbó kọ́kọ́ máa ń gbà lọ́wọ́ etí, ohùn tó ki a máa ṣẹ́ kù. Báṣé mi sì ki. Písítìnì mẹ́rin ló wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yìn lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí 1,800 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, bó ti ń ṣe bí mo bá ń gun ẹnu ọ̀nà wa, ìbọn 60 ló ń yìn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ gan-an ni awò inú ọkọ̀ ti máa ń gbọ̀n mọ́ mi lójú, tí eyín á máa kan ara wọn. Mo rò pé ọ̀nà ni kò dára.

Òfin ariwo ti wà ní Benin láti 2001, ṣùgbọ́n n kò ní fi òfin bojú. Ọmọrí ìkòkò yẹn ni.

Àlòkù sàlẹ́ńsà ni a rí, ó ṣì lágbára, 45,000. Ọ̀gá ajórin náà fi ayùn la ti tẹ́lẹ̀ sí méjì hàn mí, torí mo ní kí ló wà nínú rẹ̀. Mo ti rò pé òfìfo ni. Yàrá ni, mẹ́ta, ògiri irin láàárín wọn, páìpù olójú wẹ́wẹ́ la àárín kọjá, irun kan bí òwú tó ti jóná yí i ká. Ó ní ohùn á wọ yàrá kan, á gbá ògiri, á padà wá pàdé èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n á pa ara wọn. Àwọn òǹrorò. Fóònù ní 87 níbi tó ti ní 101. Ìyẹn ni pé 41 tó ń dé mítà 512 tẹ́lẹ̀, kò ní ju nǹkan bí mítà 100 lọ báyìí. Mo ti ń fi ẹfun ṣírò bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Agogo mẹ́jọ ni mo wọlé láti Ìlárá. Ọmọ-ọwọ́ kò sunkún. Mo jẹun, mo jáde síta.

Ìyá ló ń ṣílẹ̀kùn yìí. Wọ́n di ìborùn mọ́ ara, wọ́n ń wo ọ̀nà.

“Àkànní ò tíì dé?” Ìyàwó mi ni wọ́n rò pé àwọn ń bá sọ̀rọ̀.

“Ìyá, èmi rè é. Mo ti dé láti agogo mẹ́jọ.”

“N ò gbọ́ ọ.” Wọ́n dúró díẹ̀. “Ọmọrí ò gbọ̀n.”

Mo ní a ti tún ọkọ̀ ṣe. Wọ́n mi orí, ṣùgbọ́n wọn kò wọlé. Wọ́n rìn lọ síbi ọkọ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú rẹ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, wọ́n fi í síbẹ̀ pẹ́.

“Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́,” wọ́n ní. Wọ́n lọ sùn.