Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e

Iná lọ ní Kubwa lálẹ́ àná, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò tilẹ̀ gbójú sókè. Kátakátá LEGO Technic (ohun ìṣeré oníke tí wọ́n ń tò pọ̀) tó ń tò lórí ẹní ò nílò bátìrì.

"Bọ̀dá, ẹ bá mi tan tọ́ọ̀ṣì síbí."

Ó fún pọ́ǹpù kékeré náà, fì-ì, fì-ì, bí ẹni ń fún táyà kẹ̀kẹ́. Ó yí swíìṣì. Afẹ́fẹ́ gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wọ sìlíńdà, ó ti ọ̀pá inú rẹ̀ jáde, apá kátakátá gbéra! Ó yí i sódì, apá wálẹ̀. Ó tún gbé apá sókè, ó dá swíìṣì sáàárín, apá dúró lókè, àmọ́ ó ń mì díẹ̀.

Mo ní ó ń mì torí pé afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀ ni, ìdí nìyẹn tí òyìnbó fi ń lo epo sínú kátakátá gidi. Kò dá mi lóhùn. (Ọmọ ìsinyìí!)

Àwọn ará Dẹ́ńmáàkì tó ń ṣe LEGO ti gbé irú èyí tó ń lo afẹ́fẹ́ jáde láti 1984 o, owó rẹ̀ ò sì kéré.

Ó ti ń bèèrè tánkì afẹ́fẹ́ báyìí. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á ní Wuse?